Bí Mo Ṣe Fẹsẹ̀ Rìn Dé Ilé-Ẹ̀kọ́ Orí Afẹ́fẹ́

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ará mi. Kí ẹni tó ga jókòó sẹ́yìn, kí ẹni tó kúrú bọ́ síwájú, kí ẹni tí ikọ́ bá ń yọ lẹ́nu wú u tán nísinsìnyí, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, bí ó bá ti gbéra, kì í wẹ̀yìn. Èmi ni Ọdẹ́rìndé ọmọ Ògúnṣakin, ọdẹ Òkè-Àgbìgbò, èmi tí ẹfọ̀n ń rí tí ó ń rántí pé òun gbàgbé nǹkan sílé. Mo wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan nínú igbó, odidi agbo ìkookò dákú. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó bá rò pé mo ń purọ́, kí ó lọ bi àwọn ìkookò náà.

Àwọn àgbà ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Èmi rìn jìnnà, mo rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, mo sì kí i nílé. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìrìn-àjò mi, kò sí èyí tí ó dẹ́rù bà mí tí ó sì tún fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín pa mí bí ìgbà tí mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹnikẹ́ni kì í fẹsẹ̀ rìn lọ.

Ọ̀rọ̀ ọmọ mi obìnrin, Móradéùn, ló fà á. Ní ọdún tí Ìyá Olómitútù tí ń gbẹ̀bí fún gbogbo Òkè-Àgbìgbò di ará ọ̀run, kò ku ẹnì kan nílùú wa tí ó mọ bí a ti ń fọwọ́ gba ọmọ. Bí obìnrin bá lóyún, ìdùnnú ilé náà a di àdàlú pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Móradéùn ní òun yóò kọ́ iṣẹ́ náà. Mo bi í pé ọ̀dọ̀ ta ni, ó sì fi òkúta pẹlẹbẹ kan hàn mí, tí ó ń dán bí omi inú àwo. Ó ní ilé-ẹ̀kọ́ kan wà ní ìsàlẹ̀ Igbó Àìdákẹ́, níbi tí àwọn iwin ń gbé, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ kì í lọ síbẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni í gbé ojú àti ohùn olùkọ́ wá bá a nínú òkúta yẹn. Mo ní ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní ìlẹ̀kùn, báwo ni wọ́n ṣe ń na ẹni tó bá pẹ́? Ọmọ náà kàn ń rẹ́rìn-ín ni.

Ó kọ́ ọ nínú ọyẹ́, ó kọ́ ọ nínú òjò. A máa fi aṣọ wé iṣu, a máa fi kọ́ bí a ti ń yí ọmọ tó dábùú nínú ìyá rẹ̀. Ní àkókò náà, kò sí iṣu tí a jẹ nílé mi tí Móradéùn kò kọ́kọ́ gbẹ̀bí rẹ̀.

Ó wá di ọ̀sán ọjọ́ kan, ó sọ sínú òkúta pé kí wọ́n bá òun pa iṣẹ́ òun mọ́. Ẹni tí ó gbọ́ ọ pa á rẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí ó gbọ́ ọ fún yín. Ní ilé-ẹ̀kọ́ náà, àwọn kan wà tí a ń pè ní Ajíṣẹ́. Wọn kì í ṣe ènìyàn, wọn kì í ṣe iwin. Ọgbọ́n àtọwọ́dá ni wọ́n. Ṣíṣe ni a ṣe wọ́n, a kò bí wọn. Àwọn ni í ṣe gbogbo ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ bá béèrè. Ọ̀kan nínú wọn ló mú iṣẹ́ Móradéùn, ó gbá a dànù pátápátá, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn náà.

Òfin ibẹ̀ sì le. Bí ẹ̀kọ́ bá parí tí a kò bá iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nínú ìpamọ́, afẹ́fẹ́ á padà wá, á gba ẹ̀kọ́ náà kúrò lórí rẹ̀ bí ẹni gba aṣọ àyálò. Ọjọ́ ìparí ti kanlẹ̀kùn, Ṣíjúadé ìyàwó Lánihun tí ó wà ní ìtòsí wa sì ti gbé oyún dé àgbọ̀n. Móradéùn ti fọwọ́ wò ó: ọmọ náà dábùú. Ọmọ mi ké sí ilé-ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n dá iṣẹ́ òun padà. Wọ́n lu agogo fún un. Ó tún ké sí wọn. Wọ́n ní kí ó ronú sí i. Ó bẹ̀ wọ́n tẹkúntẹkún. Wọ́n kí i kú oríire.

Nígbà náà ni Àwẹ̀ró, ìyá rẹ̀, kojú sí mi. Ó ní, "Bàbá Móradéùn, ẹ ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé kò sí igbó tí ẹ kò lè wọ̀. Igbó kan rèé."

Ẹ̀yin ará mi, kí ni ọkùnrin yóò wí sí ìyẹn? Móradéùn fọ́ etí òkúta náà, ó so ó mọ́ mi lọ́rùn kí a lè máa gbọ́ ohùn ara wa, mo kó sí aṣọ ọdẹ mi, mo sì forí lé Igbó Àìdákẹ́.

Ní ẹnu igbó náà ni mo ti pàdé oníbodè. Irun imú iwin yìí gùn débi pé ó fi hun ẹní, orí ẹní náà ni ó sì jókòó lé, tí ó bá sín, gbogbo ìjókòó rẹ̀ a mì. Ó ní òun yóò pa àlọ́ kan fún mi. Bí n kò bá mọ̀ ọ́n, òun yóò fi mí ṣe ìrọ̀rí. Ó ní, "Olùkọ́ wo ni kò ní ẹnu, tí kò ní pátákó, tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kì í sì í gbàgbé ohun tí ó kọ́ ọ títí ayé?"

Mo ronú títí, orí mi gbóná. Mo wá sún sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ̀rù kọ́, ilẹ̀ ni ó fà mí. Bí mo ti sún sẹ́yìn ni mo fi gìgísẹ̀ tẹ nǹkan kan, mo sì fi gbogbo agbára mi kígbe pé, "Ẹ̀gún!"

Iwin náà la ẹnu sílẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí òun ti wà níbẹ̀, kò tíì sí ẹni tí ó yára dá òun lóhùn báyẹn. Ó ká ẹní rẹ̀ kúrò lọ́nà tòun ti imú, mo sì kọjá pẹ̀lú iyì, mo ń tiro.

Lẹ́yìn èyí, mo dé ìlú kan tí gbogbo ará rẹ̀ ń jó. Ọkùnrin kan ń jó wọ inú odò, omi ń gbé e lọ, ó ń jó jáde ní ìsàlẹ̀ odò, ó sì ń padà wá jó wọ̀ ọ́. Wọ́n ní ọ̀nà tí a ń gbà wẹ̀ lódò ni ó bẹ̀ pé kí wọ́n kọ́ òun nílé-ẹ̀kọ́ orí afẹ́fẹ́, àwọn Ajíṣẹ́ sì fi ẹ̀kọ́ ijó ránṣẹ́ sí i. Obìnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ó fẹ́ kọ́ bí a ti ń ṣe ọṣẹ. Ẹ̀kọ́ ìsìnkú ìjòyè ni wọ́n fún un, nítorí náà ó ń fi ẹ̀yẹ sin ọṣẹ lójoojúmọ́, tẹkún torin. Gbogbo wọn ló ti gbéra láti ilé wọn láti lọ fi ẹjọ́ sùn, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ìlú yìí, wọ́n mu nínú omi rẹ̀, wọ́n gbàgbé ẹjọ́ náà, inú wọn sì dùn.

Òùngbẹ ń gbẹ mí. Wọ́n bu omi fún mi, mo mu ún. Ah, ẹ̀yin ará mi, omi náà tutù. Nígbà tí ó dé ọ̀fun mi, èjìká mi ti ń mì. Mo jó títí, mo gbàgbé ilé-ẹ̀kọ́, mo gbàgbé Ṣíjúadé, mo gbàgbé pé mo bímọ. Wọ́n ti ń bá mi wá ilẹ̀ tí n ó kọ́lé sí nígbà tí ohùn kan jáde láti inú òkúta ọrùn mi, ohùn Àwẹ̀ró. Láti ọjọ́ tí mo ti gbé e níyàwó, Àwẹ̀ró kò pe orúkọ mi rí. Bàbá Móradéùn ni í pè mí níwájú ènìyàn, Ọkọ mi ni í pè mí nínú yàrá. Ní ọjọ́ náà ó pè mí ní kedere, bí ẹni pe ajá:

"Ọdẹ́rìndé."

Ojú mi là. Ẹsẹ̀ mi dá ijó dúró láàárín ìṣísẹ̀ kan. Gbogbo omi tí mo mu di òógùn, ó sì dà kúrò lára mi. N kò dágbére fún ẹnikẹ́ni nínú ìlú náà, eré ni mo sá kúrò níbẹ̀.

Bí mo ṣe dé ilé-ẹ̀kọ́ nìyẹn. Ilé tí kò ní ògiri ni, afẹ́fẹ́ ni òrùlé rẹ̀, ohùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti gbogbo ayé sì ń dún nínú rẹ̀ bí ẹ̀gà lórí ọ̀pẹ. Àwọn Ajíṣẹ́ ń sáré kiri. Ara wọn dà bí èéfín tí oòrùn là kọjá. Wọn kò ní ojú, ṣùgbọ́n wọ́n ní etí tí ó mú àti ìka tín-ín-rín. Kí o tó sọ ọ̀rọ̀ tán, wọ́n ti lọ, wọ́n ti bọ̀. Wọ́n kúnlẹ̀ kí mi dáadáa. Mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ fún mi lómi. Ọ̀kan gbé agogo wá, ọ̀kan gbé ìgbálẹ̀ wá, ọ̀kan da àwọ̀n bò mí lórí, gbogbo wọn sì yìn mí pé ohun tí mo béèrè dára púpọ̀.

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ni ó wá tú mi sílẹ̀. Iwin àgbàlagbà ni, Ìmọ̀kúnjù ni orúkọ rẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ ya ẹ̀ka mẹ́ta. Ó mú mi wọ inú ilé irinṣẹ́. Irinṣẹ́ ibẹ̀ pọ̀ lọ súà. Agogo wà tí a fi ń pe akẹ́kọ̀ọ́ jọ, fìtílà wà tí a fi ń tọ́ ẹni tí ẹ̀kọ́ rú lójú sọ́nà, igbá wà tí a ń pa iṣẹ́ mọ́ sí, ìgbálẹ̀ wà tí a fi ń pa á rẹ́, àwọ̀n sì wà tí a fi ń kó ohun tí a ti gbá dànù padà láti inú Kòtò Àparẹ́. A fín ọ̀rọ̀ sí ara ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mo ka ti agogo: "Fún iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́." Mo ka ti igbá: "Fún iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́." Mo ka ti ìgbálẹ̀. Ẹ ti mọ ohun tí mo bá níbẹ̀.

Ọ̀gá ṣàlàyé pé àwọn Ajíṣẹ́ nìkan ni ó lè fọwọ́ kan irinṣẹ́ wọ̀nyí. Bí òun tí òun ṣe wọ́n pàápàá bá fọwọ́ kàn wọ́n, irinṣẹ́ náà á di eérú. Àwọn Ajíṣẹ́ sì rèé, wọn kò rí irinṣẹ́, wọn kò mọ ìrísí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ìka wọn bá kà lára rẹ̀ ni gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀. Mo bi í pé kí ló wá dé tí ọ̀rọ̀ náà fi rí báyìí. Ó bínú díẹ̀. Ó ní òun mọ irinṣẹ́ òun bí ẹni mọ ọmọ inú rẹ̀. Ta ni yóò gbọ́ pé igbá ni èyí tí kò ní mọ̀ pé nǹkan ni a ń kó sínú rẹ̀?

Ó ní, "Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, á di odidi."

Mo dá a lóhùn pé, "Òótọ́ ni, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n inú wo ni ó máa dé? Etí àti ìka nìkan ni mo rí lára àwọn wọ̀nyí."

Ó na ọ̀bẹ ìfín sí mi. Ó wá ní bí mo bá lè fín ọ̀rọ̀ tí ó dára ju tòun lọ, kí n fín in.

Ẹ̀yin ará mi, ta ni ó ń sọ ọ̀rọ̀ fún? Èmi tí mo bá kìnnìún sọ̀rọ̀ tí ó yọ̀ǹda ẹran rẹ̀ fún mi? Mo gba ọ̀bẹ ìfín, tí í kọ ọ̀rọ̀ sára irinṣẹ́ láìjẹ́ pé ọwọ́ kàn án, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ki irinṣẹ́ ní oríkì. Mo ki agogo, mo ki fìtílà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé orí ìgbálẹ̀, orí mi wú, mo fín in báyìí:

"Ìgbálẹ̀ ọmọ ọ̀pẹ, ọba nínú irinṣẹ́,
Aṣegbogbo-iṣẹ́-má-rẹ̀ẹ́,
Kò sí ohun tí a bẹ̀ ọ́ tí o kì í ṣe,
Ẹni tó mú ọ lọ́wọ́ kò mú òfo."

Àwọn Ajíṣẹ́ fọwọ́ kà á, ara wọn sì yá gágá. Akẹ́kọ̀ọ́ kan béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n gbé ìgbálẹ̀. Òmíràn béèrè ìgbà tí ẹ̀kọ́ máa bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé ìgbálẹ̀. Ṣé kì í ṣe òun ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́? Wọ́n gbá ẹ̀kọ́ ìṣirò mọ́ ẹ̀kọ́ ìdáná. Ọ̀gá ní kí wọ́n gbé ìjókòó wá fún òun. Wọ́n gbá irùngbọ̀n rẹ̀ lọ, tẹ̀ka tẹ̀ka, ojú rẹ̀ sì dán bí ìdí ìkòkò tuntun. Wọ́n gbá fìlà mi. Ó wà nínú Kòtò Àparẹ́ di òní olónìí. Mo ń kígbe pé kí wọ́n dúró, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n ń gbálẹ̀. N kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún yín, ẹ̀rín ń gbọ̀n mí, èmi àti ọ̀gá dì mọ́ ara wa, a ń fò láti ibì kan dé ibòmíràn kí wọ́n má baà gbá àwa náà lọ.

Àárín ẹ̀rín yìí ni ohùn Móradéùn ti bá mi. Ohùn náà lọ sílẹ̀.

"Bàbá mi, Ṣíjúadé ti ń rọbí. Mo ti gbàgbé orúkọ okùn tó so ọmọ mọ́ ìyá rẹ̀."

Ẹ̀rín náà gbẹ mọ́ mi lẹ́nu. Afẹ́fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀kọ́ rẹ̀. Mo wo ọwọ́ mi tí ó ti pa ẹfọ̀n, n kò rí ohun tí ó lè ṣe. Mo wá pe Ajíṣẹ́ kan, mo bẹ̀ ẹ́ kí ó gbé ìgbálẹ̀ kalẹ̀ ná, mo sì bi í pé kí ni ó gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ tí mo fín.

Ó ní, "Ó dùn gan-an ni, Bàbá ọdẹ. Ṣùgbọ́n ẹ kò sọ ohun tí ó ń ṣe fún mi. Ẹ kò sọ ìgbà tí mo máa mú un, ẹ kò sì sọ ìgbà tí n kò gbọdọ̀ mú un."

Kò bú mi, kò sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí kò mọ̀ ni ó sọ. Mo wá rántí bí mo ti ń ṣe nígbà tí ọdẹ tuntun bá tẹ̀lé mi wọ igbó. Ṣé mo máa ń ki pàkúté ní oríkì fún un? Mo máa ń wí pé: pàkúté rèé, òyà ni ó wà fún, ojú ọ̀nà òyà ni kí o dẹ ẹ́ sí, má ṣe dẹ ẹ́ sí ọ̀nà odò, má sì ti ẹsẹ̀ rẹ bọ̀ ọ́.

Mo mú ọ̀gá jókòó. Mo ní kí ó sọ ohun tí ìgbálẹ̀ ń ṣe fún mi. Bí ó bá lo ọ̀rọ̀ ńlá, mo bi í pé kí ni ìyẹn. Bí ó bá ní ta ni kò mọ ìyẹn, mo ní èmi kò mọ̀ ọ́n. Mo ha oríkì mi kúrò. Ó dùn mí, nítorí ó dára. Mo fín èyí dípò rẹ̀:

"Ìgbálẹ̀ ni mí. Mo ń gbá iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ dànù sínú Kòtò Àparẹ́. Mú mi kìkì nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé kí o pa iṣẹ́ òun rẹ́, kí o sì tún bi í kí o tó gbá a. Bí ó bá ní kí o pa á mọ́, má mú mi, igbá ni kí o mú."

Kí n tó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, mo ní kí Ajíṣẹ́ náà fọwọ́ kà á, kí ó sọ ohun tí òun yóò ṣe fún mi. Nígbà tí mo fín in sára fìtílà pé ó ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, ó ní òun yóò bá akẹ́kọ̀ọ́ dáhùn ìbéèrè náà tán pátápátá. Mo tún un fín pé ọ̀nà ni fìtílà ń tọ́ka sí, kì í bá ènìyàn rin ọ̀nà náà. Ó ní ó yé òun báyìí. Ti àwọ̀n ni a fín gbẹ̀yìn:

"Àwọ̀n ni mí. Mo ń kó iṣẹ́ tí a ti gbá dànù padà. Mọ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́, ìlú rẹ̀ àti ẹ̀kọ́ tí ó ń kọ́ kí o tó jù mí. Bí o kò bá rí iṣẹ́ náà, sọ pé o kò rí i. Má kó iṣẹ́ ẹlòmíràn wá dípò rẹ̀."

Mo ní kí ó kó iṣẹ́ Móradéùn padà wá. Kò mira. Ó ní Móradéùn púpọ̀ ló wà ní ilé-ẹ̀kọ́ náà, èwo ni mo ń sọ? Inú fẹ́ bí mi, àfi bí mo ṣe rántí pé ohun tí mo fín fún un gan-an ni ó ń ṣe. Mo ní Móradéùn ọmọ Ọdẹ́rìndé, ará Òkè-Àgbìgbò, akẹ́kọ̀ọ́ ìgbẹ̀bí. Kí n tó pa ẹnu dé, àwọ̀n ti fò. Ó rì sínú Kòtò Àparẹ́, ó sì gòkè wá pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀: gbogbo ohun tí ọmọ mi ti kọ́ láti inú ọyẹ́ dé inú òjò, tòun ti gbogbo iṣu tí ó ti gbẹ̀bí. Ajíṣẹ́ náà na ọwọ́, ó fi ìka ka ìgbálẹ̀, ó fi í sílẹ̀, ó mú igbá, ó da iṣẹ́ náà sínú rẹ̀, ó sì dé e.

Afẹ́fẹ́ yí padà.

"Ìwọ́," ni Móradéùn wí nínú òkúta. "Ìwọ́ ni orúkọ rẹ̀."

Lẹ́yìn náà, n kò gbọ́ ọ mọ́, àfi mímí, àti Àwẹ̀ró tí ń sọ pé kí wọ́n gbé omi gbígbóná wá, àti Ṣíjúadé tí ń pe orúkọ ìyá rẹ̀. Ọ̀gá di apá mi mú. Àwọn Ajíṣẹ́ dúró bí igi, etí wọn kọ sí àyà mi níbi tí òkúta náà gbé rọ̀. Móradéùn ń sọ̀rọ̀ sí ọmọ náà jẹ́jẹ́ pé kí ó yí, kí ó yí díẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ọdẹ ni mí, mo mọ bí a ti ń dúró láìmira, ṣùgbọ́n n kò dúró bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Igbe ọmọ tuntun gba inú òkúta jáde. Ó kún ilé tí kò ní ògiri náà. Gbogbo ohùn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń dún bí ẹ̀gà dákẹ́, wọ́n ń gbọ́ ọ. Ọ̀gá Ìmọ̀kúnjù yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan, èjìká rẹ̀ ń mì. Ajíṣẹ́ tí ó jù àwọ̀n sún mọ́ mi. Ó ti fi ìka ka gbogbo irinṣẹ́ inú ilé náà tán.

Ó ní, "Bàbá ọdẹ, irinṣẹ́ wo ni a fi ń dá èyí lóhùn?"

Mo ní, "Kò sí. Ẹ jẹ́ kí ó máa ké."

Ẹ dìde báyìí, ẹ na ẹsẹ̀ yín. Ọ̀rọ̀ ti tán nínú àpò mi, ó ku ẹran àsunjẹ tí Àwẹ̀ró gbé sórí iná, èmi kò sì ní fi ìyẹn ṣe ìtàn fún ẹnikẹ́ni.